A Ti Kọjá Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró síbí lónìí. Ẹ ṣe halelúyà kan tí wọ́n máa gbọ́ ní Ìyànà Ìsọlọ̀! Ìyẹn ò tó. Ẹ tún un ṣe! Ẹ ṣé. Pásítọ̀ ní kí n má lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Màá gbìyànjú, sà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú gan-an ló kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí, torí náà mi ò ní ṣèlérí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Dàmì, àbíkẹ́yìn Ìyá Fúnkẹ́, díákónẹ́ẹ̀sì wa tí wọ́n jókòó sí ìlà kejì níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Tíṣà ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, jọ́gíráfì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Èmi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀, SS Two ni mo ti sọ pé ó tó. Ṣùgbọ́n tó bá di ká wa mọ́tò, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mi ò tíì rí ẹni tó jù mí lọ ní gbogbo Òṣòdì. Kí ẹlòmíì tó kúrò ní Sẹ́lẹ́, èmi ti dé Òṣòdì, mo ti ra gúgúrú, mo ti ń jẹ ẹ́. Jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí ní gáréèjì. Mi ò fi yangàn o. Bó ṣe rí ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Kánò ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọkọ wọn, Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọ. Inú ìjọ yìí la ti gbààwẹ̀ sí i, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọlọ́run dáhùn, Àǹtí bí ọkùnrin làǹtì-lanti. Lọ́jọ́ tá a gbọ́, Màmá jó láti iwájú ilé wa dé ẹnu géètì ẹ́sítéètì Ire-Akari. Wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ní àwọn ti ní orúkọ kan nílẹ̀ fún ọmọ yẹn láti ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé kò lè bí. Mo ní, "Màmá, orúkọ wo ni?" Wọ́n ní, "Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Wọn kì í sọ orúkọ ọmọ lójú ọ̀nà. Ọwọ́ mi ló máa wà tí màá fi pè é."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀ ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan ní Èkó níbí, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n bá àwọn wà á wá sí Kánò. Wọ́n ní kí Bàbá Ṣàfíù gbé Màmá sínú ẹ̀. Bàbá Ṣàfíù ni dirébà àgbà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá yẹn ti ń wa ọ̀nà Òkè Ọya. Mo ní, kí ló dé? Èmi wà nílé, kí ẹlòmíì wá máa gbé ìyá mi? Mo lọ bá bàbá lórí bẹ́ǹṣì wọn, mo fi máàpù inú fóònù mi hàn wọ́n. Wákàtí mẹ́rìndínlógún ni máàpù pè é. Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Èmi máa ṣe é ní méjìlá."

Bàbá wo fóònù yẹn, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé máàpù yìí máa ń jẹun?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Ṣé ó máa ń tọ̀?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dàmì, ìyá ẹ máa ń jẹun, ó sì máa ń tọ̀. Ọjọ́ méjì ni Kánò fún ẹni tó bá gbé àgbàlagbà. Ẹ sùn ní Lọ́kọ́ja." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí bàbá máa sinmi jàre, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Mo bá pe Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo dààmú wọn títí wọ́n fi gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní dandan, a gbọ́dọ̀ sùn ní Lọ́kọ́ja nílé ọ̀rẹ́ àwọn. Mo ní kò sí wàhálà. Nínú ọkàn mi, mo ní ta ló fẹ́ sùn?

Ẹ̀yin ará, Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún, kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Ìyá Tólú, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ilé wa, ló di ọ̀rá kan fún wọn fún ìrìn àjò: súìtì, bìsíkíìtì, mínírà ìgò méjì. Ó fà mí létí bí ẹni fa ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní, "Gbọ́ dáadáa. Tí Màmá bá ti gún abẹ́rẹ́, kí oúnjẹ dé ẹnu wọn kíá. Tí wọ́n bá ń làágùn, tí ara wọn ń gbọ̀n, inú ọ̀rá yìí ni kó o ti mú nǹkan fún wọn. Má fọwọ́ kàn án fún nǹkan míì." Mo ní mo ti gbọ́. Èmi kọ́ ni wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá mi.

A gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo fi iná sí i! Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn, há! Ihò ló kún un, tírélà ló kún un, àwọn tó ń dáni dúró ló kún un. Nígbà tá a máa fi dé Àkúrẹ́, aago méjìlá ku díẹ̀. Máàpù tí mo gbójú lé, wákàtí tó kù lórí ẹ̀ ò dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Oorun ń kùn mí. Màmá ti sùn lọ lẹ́yìn. Kí oorun má bàa gbé mi, mo na ọwọ́ sínú ọ̀rá Ìyá Tólú. Mo ní súìtì kan péré. Ó di mẹ́ta. Mo ṣí mínírà kan. Kí n tó mọ̀, mo ti mu ìkejì, mo ti jẹ bìsíkíìtì, mo ti ju ọ̀rá sábẹ́ àga. Mo ní màá ra òmíràn níwájú.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Ọ̀wọ̀, aago kan ti lù, ni Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀ pè. "Dàmì, níbo lẹ dé?"

Ẹ jẹ́ n bi yín. Ta ni nínú wa níbí tí wọn ò pè rí, tó wà nínú balùwẹ̀ nílé ní Ìsọlọ̀, tí ọṣẹ ń bẹ lójú ẹ̀, tó sì ní òun ti wà ní Òṣòdì, òun ń wọ mọ́tò? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá tí ẹ wà nídìí fáànù yẹn, mo rí yín, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣe é. Mo dé tán, mo ti wà níwájú ilé yín, mo ń rí yín lọ́ọ̀ọ́kán. Ní Èkó, a kì í kà á sí irọ́. Ẹni tó pè mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó gbé e mọ̀ pé irọ́ ni, oníkálùkù á fi wákàtí kan kún un. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀ ti pẹ́ ní Kánò. Wọ́n ti gbàgbé.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti kọjá Lọ́kọ́ja."

Wọ́n ní, "Lọ́kọ́ja? Ṣé ẹ ń fò ni? Ọ̀rẹ́ mi ti se oúnjẹ sílẹ̀ dè yín níbẹ̀ o!"

Mo ní, "Ẹ ní kó má bínú. Jẹ́ẹ̀tì ni mí."

Ohùn fóònù ló jí Màmá. Wọ́n na ọrùn sójú fèrèsé, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n ní, "Dàmì, ṣé a ti kọjá Lọ́kọ́ja ni? Mi ò rí odò." Ẹ rántí pé tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n. Odò Ọya ni wọ́n ń sọ. Kò sí bó o ṣe máa gba Lọ́kọ́ja kọjá kó o má rí omi ńlá yẹn.

Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀ padà. Mo ní, "Ẹ ti sùn kọjá ẹ̀, Màmá."

Wọ́n ní, "Mo mà ti ń darúgbó." Wọ́n gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní. Wọ́n ní, "Ebi ti ń pa mí. Ibi oúnjẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ogún ìṣẹ́jú. Ẹ máa gún abẹ́rẹ́ yín ká tó dé bẹ̀, kó má bàa fi àkókò wa ṣòfò."

Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí ni. Wọ́n gún un.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mọ́tò dúró lójú ọ̀nà. Tírélà kan ti ṣubú níwájú, ó dábùú títì, mọ́tò tò lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn dirébà ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń na ẹ̀yìn lábẹ́ igi. Ẹni tó ní làákàyè máa dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń kọjá lára wa. Èmi kẹ̀? Mo wo máàpù, mo rí ìlà tíńrín kan tó gba inú igbó kọjá. Mo yí sítíàrì. Bàbá kan pariwo látẹ̀yìn, "Bọ̀dá Èkó, mọ́tò kì í gba ibẹ̀ yẹn!" Mo tẹ iná sí i.

Òjò ti wọ́ ọ̀nà yẹn lọ. Bá a ṣe yọ sí kọ́ọ̀nà kan, ilẹ̀ gé, mọ́tò já wọlẹ̀, gbàgà! Táyà iwájú ṣẹ́ síta bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo gbé fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo sáré síwájú, mo sáré sẹ́yìn, mo gun orí mọ́tò, kò sí. Nígbà tí mo padà, Màmá ti ń làágùn, aṣọ ọrùn wọn ti tutù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Dàmì, ọ̀rá Ìyá Tólú dà?"

Ẹ̀yin ará, mo kúnlẹ̀, mo fa ọ̀rá yẹn jáde lábẹ́ àga. Pépà súìtì ló wà nínú ẹ̀. Mo rí wọn tí wọ́n ń wo pépà yẹn, tí wọ́n wá wò mí. Ìgbà tó yá, ahọ́n wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, wọ́n ń pe àwọn ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́ lórúkọ. Nígbà tó ṣe, orí wọn wó lu dóò. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn.

Mo gbàdúrà. Ẹ mọ̀ pé tó bá di ká gbàdúrà, nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yìí, kò sí ohùn tó ju tèmi lọ. Mo pe iná. Mo de gbogbo àjẹ́ ilé bàbá mi l'Ékìtì, mo de àwọn tí kò fẹ́ kí Màmá fojú rí ọmọ, mo lé wọn, mo jó wọn. Ọ̀fun mi gbẹ. Igbó yẹn ò mira. Ó wá dà bí ẹni pé ẹnì kan bi mí pé, ta lò ń dè gan-an? Àjẹ́ wo ló jẹ súìtì? Mo wó lulẹ̀. Mi ò lè pariwo mọ́. Mo ní, Olúwa, èmi ni. Èmi ni mo pa á. Kò sí ẹlòmíì níbí. Ṣàánú ìyá mi, má wo tèmi.

Ẹ̀yin ará, mi ò tíì dìde tí mo fi gbọ́ ìró ọ̀kadà.

Bàbá kan ni, ó so kẹ́ẹ̀gì méjì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, àdá wà níbàdí ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ajínigbé ni. Ó dúró, ó yọjú wo inú mọ́tò. Yorùbá ẹ̀ kì í ṣe tiwa gan-an, ti Àkókó ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Kí ló ṣe ìyá?"

Mo ní, "Ìtọ̀ ṣúgà ni, sà. Wọ́n gún abẹ́rẹ́, wọn ò tíì jẹun."

"Ta ló ní kí wọ́n gún un?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ìyàwó mi náà ní in. Fẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀." Ó ti ń tú kẹ́ẹ̀gì. Òórùn ẹ̀ gbà mí nímú. Ẹmu ni! Mo ní, "Bàbá, ẹ dúró, díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n o! Wọn kì í fẹnu kan ọtí!"

Bàbá ní, "Ṣé òkú díákónẹ́ẹ̀sì lo fẹ́ gbé dé ibi tó ò ń lọ? Ìsinsìnyí ni mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Kò tíì kan. Omi dídùn ni."

Pásítọ̀, mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń wò mí. Ẹmu ni mo sọ. Bàbá yẹn ń ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá nínú, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa há wọn lọ́fun. Èmi di orí wọn mú. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó, èmi tí mo máa ń ka ìṣẹ́jú. Ìgbà tó yá, Màmá gbé itọ́ mì. Wọ́n tún gbé e mì. Ojú wọn ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn nínú ojú yẹn. A gbé wọn sáàárín wa lórí ọ̀kadà, ó gbé wa dé ibi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń ṣiṣẹ́ ní abúlé wọn, ìyẹn fa omi ṣúgà sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì ní ọpọlọ wọn ti pebi pẹ́ jù, kí n wá mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá, kíákíá.

Kò sí mọ́tò kankan ní abúlé yẹn, orí òkè nìkan sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo sáré gùn ún. Ẹ̀gbọ́n Báyọ̀ gbé e kó tó dún tán. "Dàmì! Níbo lẹ wà? A ti ń pè yín látàárọ̀, kò wọlé! Ọ̀rẹ́ mi ti gbé mọ́tò àti dókítà, wọ́n ti ń wá yín láti Lọ́kọ́ja dé Àbàjí! Wọ́n ti yẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì wò!"

Ẹ má bínú sí mi. Ẹnu mi fẹ́ sọ pé a ti sún mọ́ ibẹ̀. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gé ẹnu jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò kọjá Lọ́kọ́ja. A ò tíì dé Òkènè pàápàá. Ọ̀wọ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nígbà tẹ́ ẹ pè."

Wọn ò bú mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fi fóònù kejì sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé kó yí padà. Wọ́n wá ní, "Ó ti di wákàtí mẹ́rin tí wọ́n máa fi padà dé ọ̀dọ̀ yín, Dàmì. Wákàtí mẹ́rin." Bó ṣe rí nìyẹn. Mọ́tò tó yẹ kó gba Màmá là, irọ́ mi ti lé e lọ sí ọ̀nà ibòmíì. Nígbà tó fi dé, oòrùn ti ń wọ̀.

Ọjọ́ kẹta ní ọsibítù ni Màmá tó sọ̀rọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Dàmì, níbo la dé?"

Ọjọ́ kẹjọ bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Kánò, wọ́n sọ fóònù di gbangba, àwọn àgbà ń sọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kan Màmá. Mo gbé fóònù sẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Wọn kì í sọ orúkọ ọmọ lójú ọ̀nà. Ó di ìgbà tá a bá dé." Mo gbọ́ ẹkún Àǹtí Fúnkẹ́ láti Kánò.

Ó ti pé oṣù méje báyìí. Màmá ń rìn, wọ́n ń jẹun, gbogbo orin ìjọ ni wọ́n mọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n inú mọ́tò yẹn ni wọ́n ṣì wà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wé gèlè, wọ́n á gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n á wo fèrèsé, wọ́n á wá odò. Wọ́n á ní, "Dàmì, níbo la dé?" Màá ní, "Ìsọlọ̀ ni, Màmá."

Àǹtí Fúnkẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní, "Dàmì, mo bẹ̀ ẹ́. Kàn sọ fún Màmá pé a ti dé Kánò, kí wọ́n lè sọ orúkọ yẹn. Ṣebí o mọ irọ́ pa? Ẹ̀ẹ̀kan péré, torí ọmọ mi." Ẹ̀yin ará, mo jókòó ti Màmá. Wọ́n bi mí. Mo ní Ìsọlọ̀ ni. Mo ti ṣi ìyá mi lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè fi irọ́ yẹn kan náà gba orúkọ ọmọ lẹ́nu wọn.

Ìdí tí mo fi dúró síbí nìyí. Dókítà ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, a máa gbéra. Bàbá Ṣàfíù ló máa wà á, èmi máa jókòó lẹ́yìn, màá di ọ̀rá súìtì mú, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ méjì la máa lò. A máa dúró jẹun, a máa dúró tọ̀. Tá a bá dé Lọ́kọ́ja, màá jí Màmá kí wọ́n fojú ara wọn rí omi yẹn, a ó sì sùn níbẹ̀. Tá a bá dé Kánò, tí wọ́n bá bi mí, màá dá wọn lóhùn.

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n gbé òkú padà wá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lórí bàbá ẹlẹ́mu yẹn, ẹ gbàdúrà fún ìyàwó ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, kí àwọn ará ilé kejì gbọ́ wa!

Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Màmá ń pè mí.

Mà?

Ìsọlọ̀ ni, Màmá. A ò tíì gbéra.